Òkè Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Dorsaf Ghribi jẹ́, ẹ sọ fún un pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe. Kò ní bá yín jiyàn o. Á kàn ti awò ojú rẹ̀ sókè, á ní, "Ẹn-ẹn?", á sì fìdí lélẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i tó jókòó báyẹn, kó yáa wá nǹkan mìíràn ṣe, torí Dorsaf ò ní dìde títí nǹkan ọ̀hún yóò fi ṣeé ṣe, tàbí títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rí ìdí tí kò fi ṣeé ṣe. Ìyá rẹ̀ ní Tozeur máa ń sọ pé nígbà tí òun fẹ́ já a lẹ́nu ọmú, òun ìyá ló kọ́kọ́ rẹ̀, ọmọ ò rẹ̀.

Ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ilé ìwádìí ìṣègùn kan ní Tunis, lápá Bab Saadoun, òun ló máa ń gba ohun tí àwọn dókítà kó jọ láti ilé ìwòsàn káàkiri, á kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè sọ bóyá oògùn ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kíni kú rẹ̀ ni. Bí aláìsàn bá yè, dókítà ló wò ó sàn. Bó bá kú, wọ́n á ní ìṣirò ni kò dáa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ àkeekèé ló wà nílẹ̀. Lápá gúúsù, bí ooru bá ti mú, àkeekèé á jáde lábẹ́ àpáta, á wọnú bàtà, á wọnú ibùsùn, àwọn ọmọdé ló sì máa ń fojú winá jù. Oògùn tó ń pa oró rẹ̀ wà. Ìgò méjì ni ìwé ìlànà ní kí wọ́n fún ọmọ kan. Àmọ́ ìdajì oògùn tí wọ́n ń retí ló wọlé lọ́dún náà, ni ìbéèrè bá dé: ṣé ìgò kan lè ṣe iṣẹ́ ìgò méjì? Bó bá lè ṣe é, oògùn á kárí dé abúlé tó kángun sí aṣálẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ìgbìmọ̀ tó ń pín oògùn á kó gbogbo rẹ̀ sílé ìwòsàn ńlá inú ìlú, kí ọmọ tí àkeekèé bá ta lábúlé máa gbé oró rìn dé ibẹ̀, bó bá lè dé ibẹ̀. Mabruka, ẹ̀gbọ́n Dorsaf, ni nọ́ọ̀sì ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé ọ̀hún, létí adágún iyọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà Dorsaf dáhùn. Ó ní bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ìgò kan tó, òdo ni. Kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe bíńtín. Òdo róbótó.

Ẹni tó ń darí wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lamjed Karoui, tí gbogbo ilé ń pè ní Si Lamjed. Àgbàlagbà ni, ó mọ́ tónítóní, kì í pariwo, àmọ́ bó bá ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n. Òun ló ní kí wọ́n ra irinṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n ń lò, ó sì ń fi yangàn bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. Ó ti mú gègé lọ́wọ́ láti bu ọwọ́ lu òdo náà nígbà tí Dorsaf wọlé.

"Si Lamjed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bu ọwọ́ lù ú."

"Kí ló dé?"

"Òdo yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé torí kó lè tẹ́ èèyàn lọ́rùn ni wọ́n ṣe dá òdo ni?"

"Mo ti fọwọ́ ya òkè rẹ̀ kí n tó gbé e fún kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibí ni gbogbo ìjà ti wá. Ohun tí wọ́n kó jọ lára àwọn ọmọ tí àkeekèé ta, bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀, òkè kan ló máa ń dà lórí ìwé. Ibi tí òkè bá ga sí, ibẹ̀ ló ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà. Ibi tó bá tẹ́jú, ẹ má wá òtítọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n á wá ri èèkàn kan mọ́lẹ̀: apá ọ̀tún èèkàn, ìgò kan tó; apá òsì, kò tó. Iṣẹ́ tó kù ni láti mọ èló nínú erùpẹ̀ òkè náà ló wà lápá ọ̀tún. Irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi rúlà wọ̀n, ara rẹ̀ wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ́ lọ láìlópin. Ni wọ́n fi máa ń rán irinṣẹ́. Irinṣẹ́ á dúró níbi mélòó kan, á wọn bó ṣe ga tó níbẹ̀, á so wọ́n pọ̀, á sì sọ iye erùpẹ̀ fún ọ. Òkè tí Dorsaf fọwọ́ yà, apá ọ̀tún ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sùn sí. Báwo ni ibẹ̀ ṣe wá jẹ́ òdo?

Si Lamjed wo ìwé náà, ó dá a padà. "Ọwọ́ èèyàn máa ń gbọ̀n, Dorsaf. Ọwọ́ kọ̀ǹpútà kì í gbọ̀n."

Dorsaf padà sí tábìlì rẹ̀, ó jókòó. Ẹ̀yin náà ti mọ irú ìjókòó yẹn. Ó ní kí irinṣẹ́ fi ti èèkàn sílẹ̀, kó wọn òkè náà látòkèdélẹ̀, tọ̀tún-tòsì. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé odidi òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Irinṣẹ́ lọ, ó bọ̀, ó ní òdo ni. Dorsaf bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú tó. Ó ní ó dá òun lójú pátápátá, àṣìṣe kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ó parọ́, ó tún búra lé e.

Ni Dorsaf bá dín ilẹ̀ tó ní kó wọ̀n kù. Irinṣẹ́ ní apá ọ̀tún jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún sún ààlà náà díẹ̀. Irinṣẹ́ ní ogún. Ó sáré gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Si Lamjed, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti mú olè. Si Lamjed ò rẹ́rìn-ín.

"Jókòó," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń sọ. Kọ̀ǹpútà fún ọ lésì, èsì ò wù ọ́. O yí ìlànà, o tún yí i. Ìgbà tó bá sọ ohun tó wù ọ́ lo máa wá dúró, àbí?"

"Rárá o, Si Lamjed..."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lábúlé yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Tí mo bá gbé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún síwájú wọn, tí wọ́n bi mí pé kí ló dé tá a ṣe kúrò lórí òdo, ṣé kí n ní torí pé Dorsaf ò fẹ́ òdo?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èébú ló fi dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Bí òdo bá jẹ́ ohun tó ń wù ú ni, ṣé ì bá ti fọwọ́ ya òkè kankan wò? Kò dá a lójú. Ojú tì í, inú sì tún bí i.

"Ẹ fún mi di Ọjọ́rú," ó ní. "Mi ò ní fọwọ́ kan òkè àwọn ọmọ yẹn mọ́. Irinṣẹ́ ni màá kọ́kọ́ yàn. Orí òkè tí a ti mọ iye erùpẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni màá ti dán wọn wò. Èyí tó bá yege, màá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà á bu ọwọ́ lù ú, kí n tó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá lò ó. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e."

"Bó bá tún ní òdo ńkọ́?"

"Èmi gan-an ni màá gbé e lọ fún ìgbìmọ̀."

"Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń sunkún?"

"Màá bá a sun ún. Àmọ́ màá gbé e lọ."

Si Lamjed fi gègé rẹ̀ sápò. "Ọjọ́rú," ó ní.

Ẹni tó máa ya òkè ìdánwò ò jìnnà. Nizar, ará Sfax, ló jókòó ti Dorsaf, ọ̀gá nínú ìṣirò, ọ̀gá nínú yẹ̀yẹ́. Dorsaf ní kó bá òun ṣe oríṣiríṣi òkè tí òun Nizar mọ iye erùpẹ̀ rẹ̀, kó má sọ fún òun.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?" ni Nizar bi í.

"Àwo ọbẹ̀ lablabi gbígbóná kan, mo tún fi ẹyin sí i."

"Ẹyin méjì."

"Ojúkòkòrò ará Sfax! Mo gbà, ẹyin méjì. Kí òkè rẹ le o. Má fojú àánú wò mí."

"Èmi? Àánú? Ta ló bà mí lórúkọ jẹ́ báyẹn?"

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, iṣẹ́ ìjọba ò ju aago méjì ọ̀sán lọ. Tí aago bá ti lù, ọ́fíìsì á ṣófo fáú, kálukú á gba ọ̀nà etíkun tàbí ọ̀nà ibùsùn lọ. Àwọn méjèèjì ló kù. Bàbá Hmida, ẹ̀ṣọ́ ilé náà, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọnjan-wọnjan.

"Dorsaf, ọmọ mi, ṣé ẹ ò nílé ni?"

"Bàbá, ẹ fún wa ní díẹ̀ sí i."

"Díẹ̀ tìrẹ, mo mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ tó bí ọmọ, tí ọmọ rẹ̀ tún bímọ." Ó fà á tì, ó lọ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà.

Irinṣẹ́ olówó gọbọi ni Dorsaf kọ́kọ́ rán. Lórí òkè fífẹ̀, ó gbà á. Lórí òkè tó fara ti ògiri, ó gbà á. Nígbà tó dé orí òkè tóóró, ó ní òdo, Nizar sì sọ pé irọ́ ni. Dorsaf fò sókè. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Irinṣẹ́ yẹn ni kò dáa!"

Ó wá rán èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn ọmọ yunifásítì fẹ́ràn bí ojú. Lórí òkè tóóró, òdo. Ó rán ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń sọ pé kò sí irú rẹ̀. Òdo, pẹ̀lú ìdánilójú.

Nizar fi ẹ̀yìn ti àga. "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ya òpùrọ́? Wọn ò bára wọn tan, wọn ò gbé ilé kan náà. Ta ló kọ́ wọn ní irọ́ kan ṣoṣo?"

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Láti ibo dé ibo lo ní kí wọ́n wọ̀n?"

"Láti mílíọ̀nù kan nísàlẹ̀ òdo dé mílíọ̀nù kan lókè rẹ̀. Kí wọ́n má bàa fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Òkè yìí ńkọ́, báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Dorsaf wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Òkè náà ò fẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá ẹyọ kan.

"Yéè!" ni Nizar ké. Ẹ̀rín ti ń pa á lọ. "O rán wọn lọ sí Sàhárà kí wọ́n lọ wá àgọ́ kan ṣoṣo, o ò sọ ibi tó wà fún wọn! Wọ́n dúró níhìn-ín, iyanrìn. Wọ́n dúró lọ́hùn-ún, iyanrìn. Wọ́n padà wá jíṣẹ́: ọ̀gá, kò ságọ́ o. Kí lo fẹ́ kí wọ́n wí?"

Nǹkan ti ṣe! Kì í ṣe àìbìkítà ló kó o síyọnu, ìṣọ́ra ni. Ẹni tí kì í ṣe oníṣirò ò tiẹ̀ lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, torí kò ní í rò ó débi mílíọ̀nù. Dorsaf fẹ́ kó má ku nǹkan kan sẹ́yìn, ó la ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu sílẹ̀, òkè wá bọ́ sáàárín ìṣísẹ̀ méjì, irinṣẹ́ rékọjá rẹ̀ lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rántí bó ṣe ń bú irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láti àárọ̀.

"Ṣé ká máa lọlé?" ni Nizar bi í. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ilé kẹ̀? A ò tíì yan nǹkan kan."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju pé kó gun òkè títí kó fi dé orí rẹ̀. Dorsaf ní kí ìyẹn máa ṣáájú, kó lọ wá ṣóńṣó òkè rí, kó sì sọ bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kí èyí tó ń wọn erùpẹ̀ tó tẹ̀lé e, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kó wá máa lọ sọ́tùn-ún sósì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lórí gbogbo òkè Nizar. Ẹ̀kẹta kọsẹ̀ lórí òkè olórí méjì, àmọ́ ó kígbe pé ọ̀rọ̀ náà ò dá òun lójú, Dorsaf sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, bí kò tilẹ̀ mú un. Èyí ọ̀fẹ́ yege. Irinṣẹ́ Si Lamjed yege, kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kọ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni o, èyí tó ti ṣépè fún!

Ìyẹn nìkan ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi irinṣẹ́ mìíràn kún un, tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Èyí kì í wọn nǹkan kan. Òkò ló máa ń jù sórí òkè, wàràwàrà, á wá ka iye tó bọ́ sọ́tùn-ún èèkàn àti iye tó bọ́ sósì. Ó máa ń pẹ́, kì í sì í ṣe déédéé gẹ́lẹ́, àmọ́ ọ̀nà tó máa gbà ṣìnà àti ọ̀nà tí ẹnì kejì máa gbà ṣìnà ò jọra.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé ìwé rẹ̀ ka iwájú Si Lamjed: irinṣẹ́ ilé yìí, kó kọ́kọ́ wá ṣóńṣó òkè, ajùkò, kó jẹ́rìí sí i, bí ẹnu àwọn méjèèjì ò bá kò, ká sọ fún ìgbìmọ̀ pé a ò mọ̀.

Si Lamjed kà á dé ìdí. "Irinṣẹ́ mi ò burú nígbà náà?"

"Kò burú, Si Lamjed. Èmi ni mo rán an níṣẹ́kíṣẹ́."

"Tún un sọ, kí Nizar lè gbọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́ ọ látàná," ni Nizar ní. "Mo tiẹ̀ ti sọ fún Bàbá Hmida."

Ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú, ó wá fa àga jókòó ti Dorsaf. Dorsaf ní kí irinṣẹ́ wọn odidi òkè. Ọ̀kan. Ó ní kó wọn apá ọ̀tún. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ajùkò bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkò. Ó ń jù ú, ó ń jù ú, kọfí Si Lamjed tutù síbẹ̀. Nígbà tó parí, òun náà ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Nizar lu tábìlì. Ẹkún gbọn Dorsaf, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Si Lamjed yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.

"Èmi fúnra mi ni màá bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́," ó ní. "Òdo ọjọ́ Ajé náà, màá sọ ọ́, àti bá a ṣe bọ́ nínú rẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Wọ́n bi í ní ìbéèrè bíi ti kóòtù, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i: ìgò kan fún ọmọ kan, káàkiri dé ibi tí ọ̀nà pin sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Mabruka pè. Dorsaf gbé fóònù, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ó ti dé?"

"Àpótí ti dé. Mo ti kó o sínú fíríìjì."

"Alihamudulilahi!"

"Dorsaf, ṣé òótọ́ ni? Ìgò kan tó?"

"Òótọ́ ni. Ọ̀nà méjì la gbà wò ó, ọ̀rọ̀ wọn bára mu."

Dorsaf rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ooru fẹ́ẹ̀ lọ, ìgò méjì ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan dé, mo fún un ní méjèèjì. Kò pẹ́ tó lọ tí Jannet, ará abúlé wa, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ dé. Ìgò ti tán, ọmọ náà ò sì yè."

Dorsaf wá àga, ó jókòó.

"Ìwé ìlànà ló ní kẹ́ ẹ fún un ní méjì."

"Mo mọ ohun tí ìwé wí."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi gan-an ò mọ̀."

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ Jannet máa gbọ́ pé ìgò kan ti tó ọmọ kan báyìí. Òun náà mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀."

Dorsaf ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí.

"Mò ń lọ bá a nílé," ni Mabruka ní. "N ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ ọ."

"Ẹ má tíì lọ. Mò ń bọ̀."

"Láti Tunis? Ọ̀nà jìn, Dorsaf. Kí lo fẹ́ wá ṣe?"

"Bó bá fẹ́ bínú, kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló máa rí. Èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn. Tó bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe é lọ́dún tó kọjá, ẹnu tèmi ló yẹ kó ti gbọ́ ìdáhùn."

"Ìdáhùn wo lo ní?"

"Mi ò ní. Mò ń bọ̀ náà."

Mabruka sunkún díẹ̀, ó nu imú rẹ̀. "Wọ ọkọ̀ èrò àárọ̀," ó ní. "Màá dúró dè ọ́, ká jọ lọ."